Ìyá Tó Jókòó Lórí Àpótí Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ràn kó máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò tíì rí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó dédé pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kó di aṣọ sínú báàgì, pé Èkó ni àwọn ti máa lo òpin ọ̀sẹ̀. Ìyàwó béèrè pé ta ló ń ṣe kí ni níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Àwọn kàn fẹ́ lọ jẹun ni, kí àwọn sì wo iṣẹ́ ọnà ayé òde òní. Wọ́n kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, wọ́n gbéra kí oòrùn tó wọ̀.

Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ara tó ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi, èmi náà sì mọ adùn ẹja yíyan létí òkun.

Wọ́n jẹun lóòótọ́. Wọ́n jẹ ìgbín aláta, wọ́n jẹ ẹja tí ìrù rẹ̀ yọ síta abọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, ọkọ á ní kí ìyàwó má tíì fọwọ́ kàn án. Á dìde, á ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, á tún yà á láti ẹ̀gbẹ́. Kó tó jókòó, ọbẹ̀ á ti tutù. Ìyàwó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n lọ sí ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní Erékùṣù. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lẹ bébà pupa róbótó mọ́ wọn láyà, èyí tí wọ́n fi ń dá àlejò mọ̀. Nínú ilé, wọ́n rí àlòkù bàtà tí wọ́n fi okùn so kọ́ àjà, wọ́n rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ti dípẹtà tí wọ́n fi ọ̀dà wúrà kùn. Ohun tó yé ọkùnrin yìí, ó mi orí sí i. Èyí tí kò yé e, ó mi orí sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní yàrá tó kẹ́yìn, ẹnì kan ti to ilé ìdáná ayé àtijọ́ kalẹ̀: ààrò, ìkòkò dúdú, ọlọ, àdìrẹ tó ti ṣá. Wọ́n ta okùn kan síwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́bàá ààrò, ìyá àgbà kan jókòó lórí àpótí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ kò là tán.

Ọkùnrin náà ní báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ìsinsìnyí ṣe ń ṣe é, pé wọ́n máa ń fi ènìyàn gidi sínú iṣẹ́ wọn, onítọ̀hún á sì jókòó láìmira títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò parọ́. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ gan-an ló ṣì í lọ́nà.

Ìyàwó ti ń kúnlẹ̀. "Bàbá Mofẹ́, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kí wọn."

Ọkọ fà á lápá dìde. "Wọn kì í kí iṣẹ́ ọnà. Má dójú tì mí láàárín àwọn ènìyàn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà lẹ́yìn okùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó ya àwọn. Bí fóònù ṣe kọ mànà, ìyá náà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ó ní àṣà wa ló ń bẹ̀ wá pé ká má gbàgbé òun. Wọ́n ní òótọ́ ni. Ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ènìyàn ń nawọ́ sí wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́!

Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n tún lọ jẹun. Nídìí tábìlì, ìyàwó gba fóònù, ó sọ fọ́tò ìyá náà di ńlá kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Bébà pupa róbótó wà láyà rẹ̀, irú èyí tó wà láyà tiwọn. Àlejò bíi tiwọn ni.

Wọ́n sáré padà, wọn ò bá a lórí àpótí mọ́. Aboyún kan ló ti wọ yàrá náà lẹ́yìn wọn. Òun kò mọ ìṣe oníṣẹ́ ọnà kankan. Àgbà ló rí, ló bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ó dúró de èsì, èsì ò dé. Àgbà wo ni ọmọ á kúnlẹ̀ kí tí kò ní dáhùn, bí kò bá ṣe pé nǹkan ti ṣe é? Ó figbe ta, wọ́n sì gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ bíbí inú ìyá náà ló to ilé ìdáná yẹn. Ìsàlẹ̀ ilé ló wà tó ń dá àwọn àlejò lóhùn. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ló kó wá, aṣọ ìyá rẹ̀ ni, àpótí ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ara ìyá ṣàdédé rọ, ó rí àpótí rẹ̀, ó gbé okùn sókè, ó wọlé, ó jókòó. Ta ló fẹ́ sọ pé kó má jókòó lórí àpótí ara rẹ̀? Ó kù díẹ̀ kó kú, ṣùgbọ́n kò kú. Ọwọ́ tó nà sí ọkùnrin yẹn ni kò lè gbé sókè mọ́. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, bóyá ọwọ́ náà ì bá yè.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ ìyá. Ó ní òun rò pé ara iṣẹ́ ọnà ni. Ó ń wí i, ó ń tún un wí. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá jókòó, ṣé kò létí tó fi ń gbọ́ "ẹ kú ìjókòó" ni? Kí ni ìkíni ì bá mú kúrò lára rẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé àánú ìyá tí o kò rí rí ń ṣe ọ́. Mo wá sílé rẹ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. O gbé bàbá rẹ sórí àga ńlá lẹ́bàá fèrèsé, o wọ sányán fún wọn, o fi ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Àlejò ń dé, o ń mú wọn lọ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, o ń ya fọ́tò. Nígbà tí gbogbo yín lọ sídìí oúnjẹ, mo jókòó ti bàbá rẹ, mo béèrè àlàáfíà, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní eyín ń dun àwọn, pé àwọn ò lè jẹ ẹran láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n ní o rẹ́rìn-ín, o ní kí àwọn tún un sọ, kí o lè gba ohùn àwọn sílẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Fọ́tò kọ́ ló ń mu.

Dìde, máa lọ sílé. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí o bá dé iwájú bàbá rẹ, dọ̀bálẹ̀, kí wọn, kí o má sì dìde títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn.