Mìsì Ẹfúnyẹmí àti Ẹyin Awẹ̀ró

Mìsì Ẹfúnyẹmí, olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ní Odò-Àràn, mọ ìwé, ó mọ orin, ó mọ aṣọ wọ̀. Ohun kan tí kò mọ̀ ni bí a ti ń gbé ẹ̀fẹ̀ mì. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bá ti dé orí ahọ́n rẹ̀, àfi kó jáde, ẹni tí yóò bà ì báà jẹ́ alùfáà. Ohun tí àwọn ará ìlú tiẹ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ènìyàn kì í kórìíra ẹlẹ́nu mímú títí yóò fi kan tirẹ̀.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ Gáìdì ti wà ní ilé ìwé náà fún àwọn ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà. Wọ́n ń wọ aṣọ búlúù, wọ́n ń so táì, wọ́n ń pàgọ́ sétí odò, wọ́n sì ń rìn bíi pé àwọn ló ni ìjọba. Àwọn àbúrò wọn a máa tẹ̀ lé wọn bí ọmọ adìyẹ, àwọn ẹ̀gbọ́n a sì lé wọn padà sílé tẹkúntẹkún. Àánú wọn ṣe Mìsì. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn pé òun fẹ́ dá ti àwọn ọmọ kékeré sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Bíráúnì. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ ọmọ mẹ́fà ló ń jẹ́ ọ̀wọ́ kan. Bí wọn kò bá pé mẹ́fà lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá wá gba ẹ̀jẹ́ wọn, kò sí ẹgbẹ́.

Mìsì wá ọmọ títí. Àwọn bàbá kan ní àwọn kò bí ọmọbìnrin kó lọ máa sùn nínú igbó; àwọn ìyá kan ní ta ni yóò máa pọnmi? Márùn-ún ló rí. Ẹ̀kẹfà ni Awẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ìyá rẹ̀ ń hun ẹní lẹ́yìn ọjà. Ìyá yìí ti kó kúrò nílé ọkọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó lé e jáde, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ṣe rí ọ̀rọ̀ sọ sí i. Awẹ̀ró ni ààyò Mìsì. Kò sí irú kókó okùn tí kò lè ta; ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ tí wọ́n bí sídìí ẹní híhun ní okùn? Igi tútù pàápàá, yóò dáná rẹ̀. "Ìwọ lo máa jẹ́ olórí àwọn mẹ́fà yìí," ni Mìsì wí fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìṣòro kan ló kù. Ìwé òyìnbó tí ẹgbẹ́ ń lò ní kí wọ́n tẹ́ dígí sílẹ̀ bí adágún omi, kí ọmọ tó fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Dígí ńlá kan ṣoṣo tó wà ní Odò-Àràn, ti onígbàjámọ̀ ni, onítọ̀hún sì ní àwọn oníbàárà òun kò ní máa fọwọ́ pa orí kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ti fá a tán. Mìsì bá dá ọgbọ́n tirẹ̀: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ẹyin tútù kan láti ilé ìyá rẹ̀, kó gba orí afárá onígi kọjá odò, kó gbé e dé iwájú ọ̀gá láìfọ́. "Ọmọ tó bá lè gbé ẹyin, ó lè gbé ẹ̀jẹ́," ló wí. Àwọn ará ìlú ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Kí ni kì í jinlẹ̀ lójú wọn?

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá pé. Ọ̀gá dé láti Ìbàdàn, obìnrin sísanra kan tó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ti gbé ẹyin tiwọn dé. Awẹ̀ró nìkan ló kù. Ọ̀gá wo aago, Mìsì na ọrùn wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọmọ náà yọ lókèèrè, ó ń rìn bí alágẹmọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹyin àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ru ẹní tuntun tó hun fún àlejò.

Ẹ̀rù tó ti ń ba Mìsì bá di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀gá rẹ́rìn-ín kó má baà bínú. Ó ké: "Ẹ ní sùúrù fún un o! Ìyá rẹ̀ kò rí ilé ọkọ dì mú, ṣé ẹyin lọmọ máa wá rí dì mú?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Alùfáà rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ilé ọkọ tiwọn ń jó lọ́wọ́ gan-an tún di ikùn mú rẹ́rìn-ín. Awẹ̀ró dúró. Kò wo Mìsì. Ìyá rẹ̀ ló yíjú wò, tó ti dorí kodò bí ẹni ń wá nǹkan nílẹ̀. Ẹyin bọ́.

Ẹ̀rín dá. Mìsì sáré mú òmíràn nínú agbọ̀n tí wọ́n kó ẹyin àwọn márùn-ún yòókù sí. "Gbà, olórí mi. Kò sóhun tó bàjẹ́, ẹyin mìíràn rèé."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ti rí òmíràn fi rọ́pò ẹyin. Èyí tí ẹ sọ sí ìyá mi ńkọ́?"

Mìsì ṣì na ẹyin náà sí i. Awẹ̀ró tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n sì lọ. Ọmọ márùn-ún kì í ṣe mẹ́fà. Ọ̀gá kẹ́dùn, ó jẹ ìrẹsì, ó sì wọ mọ́tò padà.

Lọ́jọ́ kejì, Mìsì gbé agbọ̀n ẹyin dé ilé ìyá Awẹ̀ró, ó sì kúnlẹ̀ fún obìnrin tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ.

"Háà, Mìsì, ẹ dìde. Mo ti forí jì yín kí n tó délé lánàá."

"Ẹ wá bá mi bẹ ọmọ kó padà."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá ti rí aṣọ yẹn, ẹ̀rín yẹn lòun ń gbọ́. Adìyẹ á yé òmíràn, Mìsì. Ta ló máa bá mi yọ ẹ̀rín kúrò létí ọmọ?"

Ọdún méjì gbáko kọjá kí Mìsì tó rí ọmọ mẹ́fà kó jọ, ẹgbẹ́ náà sì dúró. Awẹ̀ró dàgbà sídìí ẹní. Bó bá pàdé Mìsì lọ́nà, a kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," a sì kọjá. Ì bá tẹ́ Mìsì lọ́rùn kó bú òun. Àwọn tó bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni wọ́n sì wá ń fi ìtàn rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ tiwọn, bí ẹni pé àwọn kò sí níbẹ̀. Ẹnu wọn náà la ti gbọ́ ọ pé: ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.