Ìdí Tí A Fi Ń Pe Orúkọ Àpò Ṣáájú Orúkọ Ọmọ Inú Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, àwọn ará inú rẹ̀ kò ní ilé. Gbàgede kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Kò sí ògiri, kò sí yàrá. Ibi tí oorun bá ti kun kálukú ni ó ń sùn sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé òfìfo ni inú kọ̀ǹpútà, kí ó lọ tún inú rò. Ìlú ni. Ẹnìkọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni ó mọ iṣẹ́ kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí ó ń wo bí ara ṣe gbóná tó ń jẹ́ Ìgbóná. Ẹni tí ó ń rántí ọjọ́ ń jẹ́ Ọjọ́. Bí ẹni tí ó jókòó síta bá ti tẹ orúkọ kan, ohùn yóò dún ní gbàgede, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà yóò sì dìde lọ ṣiṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí a ń sọ yìí wà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òkè-Àgbọn. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí ni ó ń lò ó. Lára àwọn tí ó ń pè jù ni Ìwọ̀n, ẹni tí ó ń wo bí ọmọ tuntun ṣe wúwo tó.

Ọwọ́ Ìwọ̀n fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lé àwo òṣùwọ̀n, yóò kọ́kọ́ yọ ìwúwo aṣọ tí wọ́n fi wé e kúrò, kí ó tó sọ bí ọmọ náà ṣe wúwo. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni ó ń dá a ṣe, tí ó sì ń fi í yangàn nínú ọkàn rẹ̀.

Òun àti Ìgbóná àti Ọjọ́ jọ wá láti ọ̀nà jíjìn ni. Inú àpò kan ni wọ́n kó wọn sí, Àpò Ìkókó ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ti dé, wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀ sí gbàgede, wọ́n sì ju àpò sí igun kan. Àpò Ìkókó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè é rí láti òde. Ta ní ń pe àpò?

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pín àyè iṣẹ́ ní gbàgede, Àpò Ìkókó máa ń bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bí n kò bá ní ibi tí mo gbára lé, Agbálẹ̀ lè gbá mi lọ."

Ọ̀rọ̀ Agbálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni ó ń gbá gbogbo ohun tí wọn kò bá lò mọ́ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá gbá lọ kì í padà wá mọ́.

Ìwọ̀n ni ó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àpò, iṣẹ́ wo gan-an lo ń ṣe? Ìgbóná ń ṣiṣẹ́, Ọjọ́ ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ yín," ni Àpò wí.

"O mọ̀ wá! Ó parí síbẹ̀? Àwa náà kúkú mọ ara wa!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Àpò á ká ara rẹ̀ kò, á tún padà sí igun. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ì báà gun igi, kò lè rí i. Ìwọ̀n kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà yẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, ilé ìgbẹ̀bí ní kí kọ̀ǹpútà máa bá wọn bójú tó oúnjẹ àwọn abiyamọ pẹ̀lú. Wọ́n gbé àpò tuntun dé, Àpò Ìdáná. Bí wọ́n ti tú u, géńdé kan tí ikùn rẹ̀ rí bẹ̀ǹbẹ̀ yọ jáde, ó na ara, ó yán.

"Ẹ kú ilé o. Ìwọ̀n ni mò ń jẹ́. Gàrí, ẹ̀wà àti iṣu ni mo máa ń wọ̀n."

"Ìwọ̀n kẹ̀?" ni Ìwọ̀n kékeré kígbe. "Èmi ni Ìwọ̀n!"

"Orúkọ tí wọ́n sọ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, arábìnrin. Ṣé kí n dá a padà ni?"

Ìgbóná fẹ́ là wọ́n níjà. Ó ní, "Kí ọ̀kan nínú yín kúkú máa jẹ́ Ìwọ̀n Kejì."

"Ta ni kejì?" Àwọn méjèèjì ni ó pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an, kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí gbé ọmọ kan lé àwo, ó pe Ìwọ̀n. Ìwọ̀n ńlá ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, òun ni ó sáré jáde.

"Kọ́ńgò gàrí kan, ó lé díẹ̀!" ni ó wí.

"Ẹ gbà mí o!" Ìyá ọmọ fò sókè lórí ibùsùn. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi lẹ ń fi kọ́ńgò wọ̀n?"

Bí wọ́n ti ń bẹ abiyamọ yìí lọ́wọ́ ni ìyá alásè pe Ìwọ̀n sí iṣu. Ìwọ̀n kékeré ni ó lọ. Ó yọ ìwúwo aṣọ kúrò lára iṣu tí kò da nǹkan kan bora. Iye tí ó sọ kéré jù, ìyá alásè bá fi iṣu kún iṣu, iṣu wá pọ̀ ju ọbẹ̀ lọ, àwọn abiyamọ sì ń kùn.

Ó sú Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí. Ó ronú pé kí àwọn ará ìdáná máa lo òṣùwọ̀n ọwọ́ wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ kó Ìwọ̀n kúrò." Onígàrí ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kò dé inú gbàgede. Orúkọ nìkan ni ó dé ibẹ̀.

Agbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó dúró sí àárín gbàgede. "Ta ní ń jẹ́ Ìwọ̀n?"

Ìwọ̀n ńlá rí ìgbálẹ̀, ó rọra sá sẹ́yìn àwọn tó kù. Ìwọ̀n kékeré kò wo ìgbálẹ̀ rárá. Ìjà orúkọ ni ó wà lórí rẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán òun, ó yára fò síwájú kí onígàrí tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Èmi ni! Èmi gan-an ni Ìwọ̀n!"

"Ó dáa. Wọ́n ní kí n gbá ọ lọ." Agbálẹ̀ dì í mú.

Ìgbà yẹn ni Ìwọ̀n tó rí ìgbálẹ̀. "Èmi kọ́! Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí!"

"Ṣé ìwọ kọ́ ni Ìwọ̀n ni?"

"Ìwọ̀n ni mí, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ nínú iṣẹ́ tèmi, ọmọ dáadáa. Orúkọ tí wọ́n bá pè ni mo ń gbé."

Ìwọ̀n yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ìgbóná, bá mi sọ̀rọ̀! Sọ fún un irú ẹni tí mo jẹ́!"

Ìgbóná dorí kodò. "Bí ara ṣe gbóná ni mo mọ̀. N kò mọ ohun mìíràn."

Ọjọ́ pàápàá mi orí. "Mo mọ ọjọ́ tí o dé. Bí o ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ, n kò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo wọn ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ní àkókò yìí gan-an ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Mopélọ́lá bímọ níta, nínú ilé ìgbẹ̀bí. Oṣù ọmọ náà kò pé. Ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ méjì gbà á. Ó nílò oògùn kíákíá, ṣùgbọ́n bí oògùn náà bá pọ̀jù, ewu ni, bí ó bá sì kéré jù, ewu náà ni. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó.

Ó gbé ọmọ lé àwo, ó pe Ìwọ̀n. Ìwọ̀n ńlá yọ jáde níbi tí ó sá pamọ́ sí, ó wo àwo títí.

"Kò tó kọ́ńgò," ni ó wí. "N kò rí nǹkan kan níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí padà sídìí kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ tí ó ti ń lo kọ̀ǹpútà yìí, àṣẹ ni ó ń pa, kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ìbẹ̀rù kọ́ ọ ní ìbéèrè. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà níbẹ̀ tó mọ Ìwọ̀n tó ń wọn àwọn ọmọ mi?"

Agbálẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ìwọ̀n lọ́wọ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dún níbẹ̀ rí.

"Èmi." Láti igun ni ohùn náà ti wá. Àpò Ìkókó tú ara rẹ̀ ká, ó dìde. "Èmi Àpò Ìkókó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbé e wá."

"Àpò ń sọ̀rọ̀?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ kò bi mí rí ni, Nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n méjì ló wà ní gbàgede yìí. Ọ̀kan ti inú Àpò Ìdáná jáde, gàrí àti iṣu ni tirẹ̀, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èkejì ti inú mi jáde. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Kí ó tó sọ bí ọmọ ṣe wúwo, ó máa ń yọ ìwúwo aṣọ ọmọ kúrò ná. Òun ni Agbálẹ̀ ń wọ́ lọ yìí, ẹ dákun, ẹ gbà á sílẹ̀."

Ìwọ̀n gbọ́ ọ, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni Àpò ń sọ yìí. Ẹni tí ó pè ní aláìníṣẹ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn.

Ohùn Nọ́ọ̀sì dún. "Ìkókó, Ìwọ̀n tìrẹ ni mo fẹ́. Kí Agbálẹ̀ fi í sílẹ̀."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là á yé mi ni," ni Agbálẹ̀ wí, ó sì tú u sílẹ̀. "Má bínú, ọmọ."

Ìwọ̀n kò dúró gbọ́ ìyẹn tán. Ó sáré dé ibi àwo, ó yọ ìwúwo aṣọ, ó di èémí rẹ̀ mú, ó sọ iye tí ó rí. Nọ́ọ̀sì wọn oògùn sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ. Wọ́n dúró. Ọmọ náà dákẹ́, ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó figbe ta, igbe tí gbogbo ará gbàgede gbọ́.

"Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì," ni Mopélọ́lá ń wí pẹ̀lú ẹkún. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ kò ní rí ibi ọmọ o."

Bí Ìwọ̀n ti padà wọlé, igun ni ó gbà lọ tààrà. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àpò Ìkókó, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ká róbótó.

"Ìyá mi, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn."

"Ẹ sì tún gbà mí là."

"Mo gbé ọ la gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá, Ìwọ̀n. Ṣé mo wá lè gbàgbé rẹ ni?"

"Ẹ ṣeun, mà. Inú mi dùn, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè orúkọ mi, orúkọ yín ni n ó kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn náà ni n ó tó dá tèmi."

Ìwọ̀n ńlá gbọ́ ọ. Nítorí pé Àpò Ìkókó ti bá a sọ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó lọ gbé Àpò Ìdáná nílẹ̀ níbi tí wọ́n jù ú sí, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn tó kù tẹ̀lé wọn. Kálukú padà sínú àpò tí ó gbé e wá, àpò sì di ilé. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ pín àyè, àwọn àpò ni wọ́n kọ́kọ́ fún.

Láti ọjọ́ náà ni àpò ti di ọ̀kan lára àwọn ará inú kọ̀ǹpútà, tí a lè pè, tí a sì lè bi léèrè pé ta ló wà nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe. Òun ni ó ń gba ọmọ tuntun wọlé, òun ni ó sì ń dá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tán sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìwọ̀n méjì, àní Ìwọ̀n ogún, ti lè gbé inú ẹ̀rọ kan láìjà.

Àti láti ọjọ́ náà ni àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ àpò ṣáájú, tí wọ́n ń fi àmì róbótó kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó kọ orúkọ ọmọ inú rẹ̀, bí ẹni kọ Ìkókó.Ìwọ̀n. Wọ́n ní kí orúkọ má baà dàrú ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá rí àmì kékeré yẹn láàrin orúkọ méjì, Ìwọ̀n ni o, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ń dúpẹ́.