Ọmọ Tó Ti Yó Nílé Rika

Ọmọkùnrin kan wà ní etíkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, Akínfọlárìn lorúkọ rẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀ kó tó kú, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti gbọ́njú ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú wọn díẹ̀díẹ̀. Ilé tí wọ́n bí i sí ti wà lábẹ́ omi. Ilé ìwé tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ti ṣí i kúrò ní ààyè rẹ̀ rí, ó sì tún ku díẹ̀ kí omi dé ibi tí wọ́n ṣí i lọ. Akínfọlárìn pinnu pé bí òun bá máa kàwé, bí wọ́n ṣe ń dá òkun dúró ni òun máa kọ́. Orí bá a ṣe é, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí ilẹ̀ Họ́láǹdì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ, tí omi kò sì gbé wọn lọ.

Nígbà tí ìrìn àjò náà ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ pè é jókòó. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, obìnrin yẹn le. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń hùwà níwájú àgbà.

"Akínfọlárìn, ilé onílé lò ń lọ," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé a kò kọ́ ọ. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, dúpẹ́, kó o ní o ti yó. Bí wọ́n bá rọ̀ ọ́, tí wọ́n tún rọ̀ ọ́, nígbà náà ni kó o tó fọwọ́ kàn án. Má sì máa fi ẹjọ́ wẹ́wẹ́ yọ onílé lẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá fún ọ ni kó o gbà."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Ó yé e ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹ ó ṣe rí i.

Ilé ìwé rẹ̀ ní òkè òkun ti bá a wá yàrá sílé àgbàlagbà obìnrin kan tó ń dá gbé. Oúnjẹ alẹ́ wà nínú àdéhùn. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ga, eegun rẹ̀ tóbi. Oko tí wọ́n ti ń sin màlúù ló dàgbà sí, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Bí Akínfọlárìn ṣe rí ewú lórí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ àwọn ìjókòó. Akínfọlárìn bá a wo abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú, nítorí pé àgbà kì í wá nǹkan kí ọmọdé máa wòran. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, wọ́n ń wá ohun tí kò sọnù.

"Rika ni mò ń jẹ́," obìnrin náà sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn méjèèjì gbọ́. "Rika ni kó o máa pè mí."

Ẹ gbọ́ o! Kí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ máa pe ẹni tó dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ ní orúkọ lásán? Ahọ́n rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ta ko ohun tí obìnrin náà ní kó máa pe òun. Ó kúkú pinnu pé òun kò ní pè é ní nǹkan kan. Bí ó bá fẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé òun wà nítòsí, á wúkọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ilé. Ebi ti ń pa Akínfọlárìn láti inú ọkọ̀ òfurufú.

"Ṣé wàá jẹun?" Rika bi í.

"Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo ti yó."

"Ó dáa," ni Rika wí, ó sì dé ìkòkò rẹ̀.

Akínfọlárìn wọ yàrá, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń retí pé wọn yóò wá rọ òun. Kò pẹ́ tó gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà ní ilé ìdáná. Rika ń fọ ìkòkò. Ọmọ náà sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ó ti rẹ obìnrin náà ni, á rọ òun lọ́la. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè kan náà ni, ìdáhùn kan náà ni, ìkòkò sì tún di fífọ̀. Nígbà tó yá, Rika kò bi í mọ́. Gàrí tí ó kó láti ilé ló ń mu. Nígbà tí gàrí tán, ó di búrẹ́dì gbígbẹ.

Òtútù wá dé. Irin funfun kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ tí ó máa ń sá ṣòkòtò sí. Kò mọ̀ pé irin yẹn gan-an ló yẹ kó máa mú yàrá gbóná, pé ó kàn ń retí ẹni tó máa yí i lórí ni. Ó rò pé bí òtútù ṣe ń mú gbogbo ènìyàn ìlú náà nínú ilé wọn nìyẹn. Bí Rika bá bi í pé, "Ṣé yàrá náà tẹ́ ọ lọ́rùn?" á dáhùn pé, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀, mà," pẹ̀lú fìlà lórí àti ẹ̀wù lórí ẹ̀wù.

Ẹ má rò pé inú rẹ̀ kò dùn sí ìlú náà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn kó wọn lọ sórí odi gíga tí wọ́n fi ń dá òkun dúró. Ní ọwọ́ òsì, òkun ń ru. Ní ọwọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn màlúù ń jẹ koríko lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju omi yẹn lọ, wọn kò sì bìkítà. Omi lé ròrò sójú Akínfọlárìn. Ilé ìwé ìyá rẹ̀ ló ń rò. Bí irú odi bẹ́ẹ̀ bá lè wà ní etíkun tiwọn, kò ní sí ẹni tó máa tún ṣí ilé ìwé náà kiri mọ́.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó rù hangogo. Ikọ́ tí ó fi ń ṣe orúkọ fún Rika wá di ikọ́ gidi. Oorun ń gbé e lọ nínú kíláàsì, kò sì rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í lórí fóònù pé, "Ṣé ò ń jẹun?" á ní, "Mò ń jẹun dáadáa, mà." Níkẹyìn, ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ilẹ̀ náà kò gba òun. Ó pinnu pé bí ọjọ́ Ajé bá dé, òun yóò lọ sọ fún ilé ìwé pé òun ń padà sílé. Kò sí ẹlòmíràn láti ìlú wọn tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi sílẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Rika ti múra, ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni yóò sì sùn. Akínfọlárìn ń sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀ lókè wá bu omi mu. Àtẹ̀gùn ilé náà dúró gangan bí àkàbà. Bí ó ṣe dé àárín rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì yí gbirigbiri dé ilẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde.

Rika, tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Ẹ̀kọ́ ilé ló dáhùn yẹn. Kí Akínfọlárìn tó mọ ohun tí ẹnu òun ń sọ, ó ti sọ ọ́ tán. Rika wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síta, ó sì na ọwọ́ láti pa ilẹ̀kùn dé.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá ba ọmọ náà ní tòótọ́. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá padé, òun nìkan ló kù nínú ilé títí di ọ̀la. Ó ń wá ohun tí ó lè fi pe obìnrin náà. Orúkọ rẹ̀ kò ṣeé pè. Ó fẹ́ wúkọ́, àyà rẹ̀ kò jẹ́. Bó ṣe na apá rẹ̀ méjèèjì sókè nìyẹn, bí ọmọ ọwọ́, ó sì kígbe: "Màmá!"

Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ní Ìlàjẹ náà ni wọ́n ń pè é ní Họ́láǹdì. Rika ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gbàràmù, ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ara rẹ ń jó bí iná!" ó kígbe.

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé e. Gbogbo géńdé ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, obìnrin yẹn gbé e bí ẹni gbé ọmọ màlúù, ó di ilé ìdáná. Ó fi aṣọ tó nípọn bò ó, ó sì gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kaná.

"Ṣé wàá jẹun?"

Akínfọlárìn la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ. Ó pa á dé. Ó tún un là.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ebi ń pa mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa mí."

Rika dúró pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé."

"O sọ fún mi pé o ti yó!"

"Mò ń retí kí ẹ rọ̀ mí ni, mà. Nílé wa, ọmọ tó bá gbà nígbà àkọ́kọ́, wọ̀bìà ni wọ́n ń pè é."

"Níbí, bí ènìyàn bá ní òun kò jẹ, a kì í fipá mú un. Ìwọ̀sí ni." Rika jókòó. "Mo rò pé o kórìíra oúnjẹ mi. O kì í pè mí, o kì í bá mi jókòó. Mo sọ fún àbúrò mi pé ọmọ yìí kò fẹ́ràn mi rárá. Ìdí tí mo fi ń lọ bá a lónìí nìyẹn, kí ó bá mi rò ó bí màá ṣe sọ fún ilé ìwé yín pé kí wọ́n wá ilé mìíràn fún ọ."

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Akínfọlárìn náà sunkún sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó jẹ, ó tún bù ú, ó tún jẹ.

Dókítà tí Rika pè wá sọ pé òtútù àyà ni, pé ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Kí Akínfọlárìn tó padà sórí ibùsùn, Rika ti kó ṣòkòtò kúrò lórí irin funfun yẹn, ó yí i lórí, ooru sì gba yàrá. Ọmọ náà tẹ́wọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọdún. Ara rẹ̀ yá. Kò lọ sọ fún ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé pé òun ń padà sílé, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Màmá Rika ló ń pe obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn ju Rika tí ó ní kó máa pe òun lọ. Ó kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ó mú un dé àwọn ìlú tí ì bá má mọ̀, ó fi àwọn ibodè àtijọ́ tí wọ́n fi ń sé omi hàn án. Bí nǹkan kò bá sì yé e nílé ìwé, ó ń na ọwọ́ sókè, ó ń béèrè. Èmi kò rí Màmá Rika rí, ṣùgbọ́n n kò lè gbàdúrà kí n má dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ọjọ́ tí Akínfọlárìn sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó gbé fóònù fún Màmá Rika, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán láti dúpẹ́, bí ẹni pé obìnrin náà ń rí i. Ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ọmọ gba fóònù padà, mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò bá a wí. Kò bá a wí.

"Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò burú, ọmọ mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi tí mo bí ọ, nígbà tó o wà ní ọmọ ọwọ́, n kì í mọ̀ pé o fẹ́ kí n gbé ọ àfi tó o bá na apá sókè sí mi. Báwo ni ẹni tí kò bí ọ ṣe fẹ́ mọ̀?"

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi parí yìí ti dàgbà ju ọkọ̀ òfurufú lọ. N kò bá wọn jà. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló mọ ibi tí òwe tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní agboolé tiwa, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ fún ọmọ tó bá ń di ẹrù ìdálẹ̀ pé: ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.