Orúkọ Tí Ó Ṣẹ́kù Lára Odi Òkè-Amọ̀

Ní ọdún tí ogun akónilẹ́rú jó abúlé mẹ́ta lẹ́bàá odò, owú jíjẹ ló fẹ́ẹ̀ pa ìlú wa Òkè-Amọ̀ rẹ́. Òjò ti wó odi ìlú níhà ìlà-oòrùn, àlàfo náà sì tó kí ẹlẹ́ṣin mẹ́fà gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ènìyàn rí i, kò sí ẹni tó dí i. Àṣà wa nígbà náà ni pé ẹni tó bá mọ apá kan lára odi, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi pe apá náà títí láé. Balógun Ògúnṣíjì, baba ńlá mi, akọni tí ẹṣin ọ̀tá ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí í wárìrì, fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀tún Ọ̀jẹ́látẹ̀ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá kó amọ̀ débẹ̀, tọ̀hún a dà á nù. Oṣù méjì ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, alóre rí eruku ogun lókèèrè, ó ní kó tó di àṣálẹ́ wọn yóò dé. Ẹkún sọ nílùú. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ló dìde. Opó ni, amọ̀kòkò ni, Àbẹ̀jẹ́ ọmọ a-fọwọ́-ẹ̀rọ̀-ṣe-ohun-líle, obìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìkòkò aró tó ń mọ lọ. Ó ru amọ̀ ìkòkò rẹ̀ wá sójú àlàfo, ó kígbe:

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, èmi ni n ó sì parí rẹ̀. Ojú Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ lẹ ó máa pe ibí yìí. Bí àwọn ọmọ yín bá bèèrè ibi tí Balógun àti Ọ̀tún wà lọ́jọ́ náà, ẹ ní wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú!"

Balógun gbọ́, ó fò dìde. "Obìnrin wo? Orúkọ ta ni? Ẹ gbé ọkọ́ fún mi!" Kó tó débẹ̀, Ọ̀tún ti wà nínú amọ̀ dé orúnkún, tòun tọmọ tẹrú. Kò sí ẹni tó ráyè da amọ̀ ẹnìkejì nù mọ́, gbogbo wọn ń sáré kí obìnrin náà má baà ta wọ́n yọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí odi fi ga ju orí ẹlẹ́ṣin lọ. Ogun dé, ó dó tì wá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọfà wa ń rọ̀ lé wọn lórí, títí ebi fi lé wọn padà.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n wá pe ibẹ̀ ní Ojú Ọ̀ṣúnfúnkẹ́? Rárá o. Balógun ní bí kò bá jẹ́ tòun, kò ní í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀tún náà sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ máa jà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, kí olúkúlùkù bu ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan lé e, kó má tún wó. Orúkọ tèmi yóò wá fúnra rẹ̀."

À ń bu amọ̀ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ri pátákó ìrántí sí Ìsàlẹ̀-Ọmọ̀, ìlú tó múlé tì wá, nítorí pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ara mi kò gbà á. Ọjọ́ méjì péré! Owú yẹn ló gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba nígbà méje, títí wọ́n fi kan tiwa mọ́ ara odi. Mo débẹ̀, inú mi bàjẹ́: orúkọ Ọ̀tún ni wọ́n kọ ṣáájú, ti Balógun tẹ̀lé e, ti obìnrin náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, wínníwínní. Alàgbà Ìṣọ̀lá, ọmọ ọmọ Ọ̀tún, náà ń bínú pé wọ́n tilẹ̀ kọ ti baba ńlá mi rárá.

Ọjọ́ amọ̀ bíbù pé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ Ọ̀tún. Ìṣọ̀lá wò mí, ó lẹ tirẹ̀ mọ́ orúkọ Balógun. Àwọn ará ilé wa méjèèjì sì fi kún un.

Lẹ́yìn tí amọ̀ gbẹ, ọkùnrin kan láti Ìsàlẹ̀-Ọmọ̀ wá wo pátákó wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka orúkọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù: "Ọ̀ṣúnfúnkẹ́." Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin bàbá, ṣé òun nìkan ló gba ìlú yín là ni?"

Èmi àti Ìṣọ̀lá wo ara wa lójú.

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."