Ọjọ́ Tí Ẹyẹ Ọyẹ́ Bo Èbúté

Ní ìlú kan létí òkun, ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn ẹyẹ. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ilẹ̀ gbẹ, á gbé abọ́ omi sí ìdí igi gúáfà nínú ọgbà rẹ̀, kí ẹ̀gà àti àdàbà lè rí omi mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń retí jù lọ kì í wọ ọgbà. Ẹ̀gbẹ́ èbúté ni wọ́n ń bà sí, lórí ẹrẹ̀ tí omi máa ń ṣí sílẹ̀ tó bá fà sẹ́yìn: ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá nígbà ọyẹ́, tó sì ń pa dà lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kan, àwọn oníṣòwò fẹ́ fi iyanrìn dí ẹrẹ̀ náà, kí wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rù síbẹ̀. Télọ̀ lọ bẹ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Ẹyẹ wo? Ẹrẹ̀ lásán ni mo mọ̀ síbẹ̀. Ó dára, fi hàn mí. Bí n kò bá rí nǹkan kan, wọn á da iyanrìn wọn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè bá a dé èbúté. Ọyẹ́ bolẹ̀ bí èéfín. Ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí tòsí gan-an, wọn kò rí i. Wọ́n dúró títí ètè wọn fi là. Ẹyẹ kan kò fò kọjá. Baálẹ̀ fa agbádá mọ́ra, ó ní, "Wèrè ló kó wa jáde láàárọ̀ yìí." Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sílé.

Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni oòrùn yọ. Ọyẹ́ ká kúrò lójú omi. Háà! Ẹrẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ṣófo kún fọ́fọ́ fún ẹyẹ, títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Télọ̀ fúnra rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí.

Ìyàwó rẹ̀, tó bá a wá sí èbúté, gbá a lápá mú. "Sáré lọ! Tó o bá débẹ̀, bi Baálẹ̀ pé ta ni wèrè báyìí."

Télọ̀ sáré. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bó ti ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ àgbàlá, tó rí bí ojú Baálẹ̀ ti le, ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọkùnrin náà kò ní dìde lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, àlejò yín ti dé. Ẹ wá kí wọn."

Baálẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó dìde.

Nígbà tí àwọn àti ará ìlú tó tẹ̀ lé wọn dé etí omi, Baálẹ̀ ṣí fìlà. Ọkọ̀ kan fọn fèrè, gbogbo ẹyẹ náà sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí po lókè, apá wọn ń dán yanran nínú oòrùn. Ìlú hó yèè! Ohùn Baálẹ̀ ló ga jù: "Ẹ wo àlejò mi! Ta ló fẹ́ da iyanrìn sílé àlejò mi?"

Ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rù sí.

Arábìnrin mi, ìdí tí mo fi ní kó o jókòó nìyí. Gbogbo ẹbí ti mọ̀ báyìí pé ìwọ lo jàre. Wọ́n bú ọ, òótọ́ sì ti gbè ọ́. Yọ̀, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe yọ ayọ̀ tó máa lé èèyàn jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, tó ṣáájú àwọn tó bú ọ, ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó fẹ́ bẹ̀ ọ́. Dìde, gbé àga fún un.