Ọ̀rá Dúdú Lójú Ọ̀sà

Ẹ gbọ́ ti Orímisàn, awakọ̀ ojú omi. Bí ó ti ń ṣí ọkọ̀ kúrò ní èbúté, ó jẹ àkàrà tán, ó sì sọ ọ̀rá dúdú tí wọ́n dì í sí sínú omi bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Mọrẹ́nikéjì, èrò tó jókòó tì í, ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà oúnjẹ rẹ lo da ìdọ̀tí sí yẹn."

"Màmá, ọ̀sà kì í kún."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀ńjìnnì fi gbóná, tó ń rú èéfín. Òjò ti ṣú, ìgbì sì ń gbá ọkọ̀. Orímisàn pa ẹ̀rọ. Ó yẹ ọ́ìlì wò, ọ́ìlì pé. Ìgbà náà ló rántí pé omi tó máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ kò tú mọ́. Ó gbé ìdí ẹ̀rọ sókè. Ọ̀rá dúdú rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi tútù, òróró àkàrà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," Ìyá Mọrẹ́nikéjì wí.

Orímisàn bó o kúrò. Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, ó ṣáná sí i, omi tú jáde, ara tu gbogbo èrò. Orímisàn mí kanlẹ̀, ó sì nawọ́ láti sọ ọ̀rá náà sómi.

Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò ó.

Ó rọra ká a, ó tì í bọ àpò.