Ewúrẹ́ Ìlú Tí Láníhún Fi Rúbọ

Àmù-ẹnu-ọ̀nà-kò-ṣeé-purọ́-mọ́, Ẹni-tó-pín-ni-í-kẹ́yìn-àwo, Gbogbo-ojú-ní-í-ṣọ́-orísun: àwọn ni wọ́n dífá fún Láníhún, ọmọ Òkè-Ìrósùn, ní ọjọ́ tí ó ń wá oyè Olódò bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ìtàn yìí kò ṣeé sọ láìbínú.

Orí àpáta ni wọ́n tẹ Òkè-Ìrósùn dó sí. Orísun kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ àpáta náà. Òun ni àgbà ń mu, òun ni ọmọdé ń mu. Ẹni tí ìlú bá fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Olódò. Oyè Olódò kò ní oko, kò ní ìṣákọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ni oyè náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Olódò ni yóò máa to àwọn èèyàn, kí alágbára má baà ti aláìlera ṣubú. Ilé tirẹ̀ ni yóò pọn omi kẹ́yìn gbogbo ilé. Nítorí náà, ìta gbangba ni àmù Olódò ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, láìní ìdérí. Ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ lè yọjú wò ó. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ nígbà tí ilé kan ṣoṣo kò tíì rí omi pọn, olè ni Olódò.

Láníhún fẹ́ oyè yìí gidigidi. Wọ́n ní oyè yóò tó o lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ó bá jẹ ẹ́ tán, kí ó fi ewúrẹ́ kan rúbọ. Wọ́n ní kí ewúrẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, èyí tí yóò dùn ún láti yọ̀ǹda. Wọ́n ní kí ó má ṣe gbé àmù rẹ̀ wọlé láéláé. Láníhún ní òun gbọ́, òun yóò ṣe é.

Ó kọjú sí ìlú. Ó dọ̀bálẹ̀ ní gbàgede.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ yín ni mí. Ẹ gbé mi débẹ̀. Bí mo bá débẹ̀ tí mo bá gbàgbé yín, kí omi gbàgbé mi.”

Ó sunkún. Omi ojú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń bá a nu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ṣé ẹ kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí? Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gun orí pèpéle, tó na ọwọ́ sókè, tó ní iṣẹ́ ìlú ni òun wá ṣe, ipò kọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ dídùn ló ń yọ obì lápò, òun náà ló sì ń gba ìbò lọ́wọ́ yín. Òkè-Ìrósùn náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi Láníhún jẹ Olódò.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dáwọ́ dúró, àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ń mú ewúrẹ́ wá fún Olódò. Kì í ṣe ẹran Olódò. Ẹran iṣẹ́ ni. Wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń wọ inú orísun lọ kó ẹrẹ̀ àti ewé rírà kúrò. Bí wọn kò bá kó o, ẹrẹ̀ yóò dí ojú omi.

Nígbà tí ó tó àkókò fún Láníhún láti rúbọ, ó lọ dúró níwájú ọgbà ẹran rẹ̀. Ó wo ewúrẹ́ kan, ó lóyún. Ó wo òmíràn, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ó wo òbúkọ ńlá, ó rántí bí òun ṣe tọ́ ọ dàgbà. Kò sí èyí tí kò dùn ún. Ó yíjú, ó rí àwọn ẹran ìlú níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́ lẹ́yìn ilé.

Ó ní, “Ṣebí nítorí ìlú ni mo ṣe ń rúbọ? Kí ìlú pèsè ẹran.”

Bó ṣe fa ewúrẹ́ ìlú nìyẹn, tó fi rúbọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó bi í léèrè, ó da ìyókù mọ́ ẹran tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kó ọkọ́ dé, ó ní kò sí ẹran lọ́dún yìí, kí wọ́n fìfẹ́ ìlú ṣiṣẹ́. Òun tó jẹ ẹran wọn ló ń sọ fún wọn nípa ìfẹ́ ìlú! Àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ́ wọn, wọ́n padà sílé. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Omi orísun kò ju òwú tín-ínrín lọ. Láníhún gbé àmù rẹ̀ wọlé. Ó ní ewúrẹ́ ń fẹnu sí i. Lẹ́yìn náà ó ta màrìwò dí ọ̀nà orísun. Ó ní orísun ń bínú, òun ń ṣe ètùtù lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò náà àfi bí òun bá tú u. Ìlú bẹ̀rù, wọ́n dúró. Ní ìdájí, àwọn ará ilé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ màrìwò kọjá, wọn a pọn omi tó mọ́. Bí oòrùn bá ràn, Láníhún a tú màrìwò. Ẹrẹ̀ ló ń kù fún ìlú láti bù.

Ọ̀dúnọlá wà lára àwọn tó ń bu ẹrẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àkànjí ni orúkọ ọmọ náà. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ọmọ yìí. Gbogbo omi ara rẹ̀ ti tán, ojú rẹ̀ ti jìn, kò sí omi tó mọ́ tí ìyá rẹ̀ lè fún un mu. Efúntọ́lá, ìyá Láníhún, tó ń gbé ilé bàbá tirẹ̀ ní àdúgbò Ọ̀dúnọlá, rí ọmọ náà. Ó gbé igbá, ó kọrí sí ilé ọmọ rẹ̀.

Láníhún wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo àwọn ọkùnrin tí ń po amọ̀ fún un. Ó fẹ́ kọ́ ilé mọ́ ilé. Bó ṣe gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló rí.

“Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bọ́ síbòòji, oòrùn mú.”

“Omi ni mo wá gbà. Ọmọ Ọ̀dúnọlá ń kú lọ.”

Láníhún wo ojú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń kọjá. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé omi tó mọ́ jáde báyìí, gbogbo ìlú yóò mọ ibi tí ó ti wá. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ẹ̀rù oyè rẹ̀ bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ dá lọ́nà. N ó ní kí ìyàwó mi bu omi fún yín, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó.”

“Kí n fi aṣọ bo omi?”

“Ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn ìlú yìí. Wọ́n á ní olè ni mí.”

Efúntọ́lá wo amọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi ń dán lórí rẹ̀.

“Omi tí ọmọ ọlọ́mọ ń tìtorí rẹ̀ kú, ìwọ fi ń po amọ̀? Láníhún! Kí ni kí n sọ pé mo bí?”

Ó wọlé, ó bu omi. Láníhún dí ẹnu ọ̀nà, ó di igbá mú. Ìyá fà á, ọmọ fà á, omi dà sílẹ̀. Ìyá tún padà lọ bù ú. Láníhún kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí ojú ọ̀nà fi dá. Nígbà tí Efúntọ́lá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀dúnọlá, ẹkún ló bá nílé. Àkànjí ti kú.

Ìyá àgbà náà kò da omi náà nù. Ó gbé e lọ sí gbàgede, ó gbé e kalẹ̀ láàárín ìlú.

“Ẹ wá wo omi o! Ilé Láníhún ọmọ mi ni mo ti bù ú.”

Àwọn ọ̀dọ́ fa àdá yọ. Ẹ̀jẹmu, àgbà ìjòyè, ló dá wọn dúró, ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láníhún sá tọ àwọn awo lọ.

“Mo rúbọ! Ẹ̀yin náà rí i pé mo rú u. Kí ló dé tí ẹbọ kò fín?”

Wọ́n bi í pé, “Ewúrẹ́ ta ni?”

Àwọn awo fúnra wọn ló dáhùn.

“Ìlú ló ni ewúrẹ́. Ìwọ kò tíì rú ohunkóhun.”

Lọ́tẹ̀ yìí, Láníhún gbọ́. Ó da ẹran ìlú padà, ó kó tirẹ̀ náà jáde tọmọtọmọ, kò ku ọ̀kan. Ó fi wọ́n rúbọ, ó fi wọ́n bọ́ àwọn ọ̀dọ́, òun náà wọ inú orísun, ó ń fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀. Omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Ìlú jó, ìlú yọ̀. Láníhún kò jó. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bẹ Efúntọ́lá pé kí ó wá jẹ ẹ́. Ó kọ̀.

Ó ní, “Èmi ni mo bí ẹni tó fi òùngbẹ pa ọmọ yín. Ẹ wá ẹlòmíràn.”

Gbogbo ilé pọn omi lọ́jọ́ náà. Ọ̀dúnọlá náà pọn tirẹ̀. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó rọra dà á sórí ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Omi pọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí ó ń dà á nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ipò, ìkìlọ̀ Ifá nìyí. Ẹni tó gbọ́ ìmọ̀ràn, tó rúbọ lásìkò, tó sì fi ohun tirẹ̀ rú u, ire yóò bá a, ire yóò bá ìlú. Ẹni tó fi ohun ìlú rúbọ, olè ló jà, ìbáà fi ẹkún lé e, ìbáà ta màrìwò sí i. Bó bá dúró títí ọmọ ẹlòmíràn fi kú kó tó yí padà, Ifá lè gba ẹbọ rẹ̀. Omi orísun yóò padà wá. Ọmọ kò ní padà wá.